Ọjọ́ tí Ọkọ̀ Àna Wa Gbé Mi Lọ

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gbé àwọn ará Peckham lọ sí Camberwell ní London, tí mo sì ń gbé wọn padà, ọkọ̀ pupa alájà méjì, èrò lókè, èrò nísàlẹ̀. Mo ti gbé ọkùnrin kan tó di bẹ́ẹ̀dì mọ́ra, tó ń bá mi jiyàn pé àpò lásán ni. Mo ti gbé nọ́ọ̀sì kan tó sùn lọ lẹ́yìn iṣẹ́, tí mo gbé e lọ, tí mo gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jí. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé ṣé ọkọ̀ kan wà láyé tó lè dẹ́rù bà mí, ǹ bá fi yín rẹ́rìn-ín. Orí ilẹ̀ ni mo wà nígbà yẹn.

Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Ó fẹ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Catford, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Grenada, erékùṣù kan ní òkun Karibíánì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Bàbá ọkọ ọmọ mi ṣiṣẹ́ iná mànàmáná títí ó fi fẹ̀yìn tì; ìyá ọkọ rẹ̀ ń se oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Àna Ọkùnrin àti Àna Obìnrin ni à ń pè wọ́n nílé wa. Wọ́n tilẹ̀ ti ń dáhùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, tiwọn sì dùn létí ju tiwa lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, wọ́n pè wá wá jẹun ní Catford. Nígbà tí a jẹun tán, Àna Ọkùnrin wú ikọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó kú lọ́dún tó kọjá," ló wí, "ó fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ọkọ mi gbé ṣíbí kalẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń gbé ṣíbí kalẹ̀ nígbà tí wàhálà bá ń bọ̀.

"Irú ọkọ̀ wo ni?"

"Ọkọ̀ ńlá. Ó ní yàrá méjì, ó ní kíṣìnnì, ó ní tọ́lẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ ká lọ nígbà tí òtútù bá mú níbí, ká fi ọ̀sẹ̀ kan yí àwọn erékùṣù kéékèèké ká. Àwa mẹ́rin péré, àwa òbí. Kí àwọn ọmọ dúró sílé kí wọ́n ṣiṣẹ́."

"Ta ni yóò wà á?" ni mo bèèrè.

"Èmi ni! Etí omi ni wọ́n bí mi sí."

Àna Obìnrin ké láti kíṣìnnì: "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kúrò níbẹ̀ o!"

"A máa lọ," ni ọkọ mi wí. Kò wo ojú mi.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ọkọ mi díẹ̀. Sikiọ́rítì ni ní ilé ìkàwé kan, ó jókòó sáàárín ìwé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n fóònù ló gbà gbọ́. Kò sí ohun tí èèyàn ò lè kọ́ láti inú fóònù, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ iṣẹ́ páìpù, tí council fi wá kun àjà aládùúgbò wa tó ń gbé nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi dé, okùn síso ló kọ́. Ó ra okùn ní Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò òyìnbó onírùngbọ̀n kan tó ń so oríṣiríṣi kókó. Ó so okùn mọ́ irin bákóní, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Lọ́jọ́ kan ó so ó mọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, èmi sì wà nínú ilé ìwẹ̀ ọ̀hún.

"Mummy, fà á, jọ̀ọ́," ló ń ké láti ìta. "Fà á dáadáa! Kódà bí erin bá fà á, kò lè tú."

Lóòótọ́, kò tú. Ogún ìṣẹ́jú ló fi ń jà pẹ̀lú ẹ̀, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Èmi ní tèmi lọ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ council ní àkókò kan lọ́sẹ̀ tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí síbí ló ń kọ́ wa, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. "Aunty, ẹ just relax, ẹ jẹ́ kí omi gbé yín," ló máa ń wí, Yorùbá rẹ̀ ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ bíi ti ọmọ mi. Mo ń relax, omi ò gbé mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mo lè léfòó bí mo bá di pátákó mú, tí ẹnikẹ́ni ò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe dé Grenada nìyẹn, nínú oṣù kejì, èmi pẹ̀lú gààrí àti ata gbígbẹ nínú àpò, Àna Obìnrin pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́fà tó gbé láti Catford.

"Ṣé wọn ò ta irú búrẹ́dì yìí níbí ni?" ni mo bi í. "Ṣebí ibí ló ti wá?"

"Wọ́n ń tà á," ló wí. "Kò dà bíi ti Catford."

Ọkọ̀ náà kò rí bí mo ṣe rò ó. Nínú ọkàn mi, mo ti rí ọkọ̀ funfun bíi ti àwọn olówó. Ohun tí mo bá létí omi jẹ́ ọkọ̀ àwọn apẹja tó ti dàgbà, tí ẹnìkan fi pákó kọ́ yàrá lé lórí, tó sì kùn ún ní búlúù ní ìgbà kan tó ti pẹ́. Ó ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì. Tọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré bíi kọ́bọ́ọ̀dù, èèyàn sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ fa irin kan sókè sódò nígbà ogún kí gbogbo nǹkan tó lọ. Irin náà ń dún bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń sunkún. Kò sí àṣírí kankan nínú ọkọ̀ yẹn láàárín àwa mẹ́rin láti ọjọ́ kìíní.

Ọjọ́ kìíní náà ni ọkọ mi bì. A ò tíì kúrò níbi tí a ti ń rí ilé dáadáa tó fi tẹrí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àna Ọkùnrin di wíìlì ìdarí mú, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n nígbà tó yá orin náà dákẹ́, ojú rẹ̀ sì rí bí eérú. Ó ní ẹyin tí òun jẹ láàárọ̀ ni. Àwa obìnrin méjì jókòó sẹ́yìn, à ń jẹ búrẹ́dì Catford. Ara mi ti mọ́ kí ilẹ̀ máa mì lábẹ́ mi. Àna Obìnrin ní tòun ti bá ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jà nítorí kárọ́ọ̀tì, kí ni ìgbì omi fẹ́ fi òun ṣe?

N ò ní purọ́, ó rẹwà. Omi náà mọ́ débi pé mo ń rí òjìji ọkọ̀ wa ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tó ń bá wa lọ lórí iyanrìn. Ẹja kan fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó na ìyẹ́ bí ẹyẹ, ó sì fò lọ jìnnà kó tó wọ omi padà. Mo ti ń gbé London láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mi ò sì rántí ìgbà tí mo jókòó tí mo ń wo nǹkan tí kò ní kí n ṣe ohunkóhun fún òun.

Ìrun nìkan ló fún mi ní wàhálà. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí ìdákọ̀ró, kì í dúró sójú kan. Atẹ́gùn á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Mo máa wo kọ́ńpáàsì tó wà níwájú wíìlì, mo máa kọjú sí Kíbúlà, mo máa kábàrà. Kí n tó parí rákà kejì, Kíbúlà ti wà lẹ́yìn etí mi ọ̀tún. Mo bi ọkọ mi pé báwo ni ká ti ṣe é. Ó ní òun máa wò ó nínú fóònù.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àna Ọkùnrin rí i pé okùn tí a so mọ́ ìdákọ̀ró ti gbó, ni a bá ra tuntun ní èbúté kan. Lọ́sàn-án a dé erékùṣù kékeré kan tí kò sí ilé níbẹ̀, igi àgbọn àti iyanrìn funfun nìkan. Wọ́n ní etí òkun la ti máa sun ẹja. Wọ́n ti so okùn tuntun mọ́ ìdákọ̀ró. Ó wá ku orí okùn náà kejì, èyí tí wọ́n máa so mọ́ òpó irin tó wà ní iwájú ọkọ̀ gan-an.

"Ẹ fún mi," ni ọkọ mi wí. "Mo mọ èyí."

Ó so ó. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí ojú sí mi bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Wọ́n ju ìdákọ̀ró sómi, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì kó ẹja, èédú àti ìkòkò sínú ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí a fi ń lọ sétí òkun.

"Mummy, ṣé o ò bá wa lọ?"

"Ẹ máa lọ," ni mo wí. "Mo fẹ́ kírun Àyílà, kí n na ẹ̀yìn díẹ̀. Ẹ bu tèmi sílẹ̀."

Mo kírun. Mo dùbúlẹ̀. Láti ojú fèrèsé, mo ń wo àwọn igi àgbọn tó ń mi orí, oorun sì gbé mi lọ.

Nígbà tí mo jí, kò sí igi àgbọn ní ojú fèrèsé. Omi ni. Mo rò pé ọkọ̀ ti yí bó ṣe máa ń yí, mo lọ sí fèrèsé kejì. Omi. Mo jáde síta. Erékùṣù náà wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó kéré bíi búrẹ́dì lórí tábìlì. Àwọn nǹkan dúdú kéékèèké mẹ́ta ń fò sókè sódò lórí iyanrìn. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọkọ mi nínú wọn.

Mo lọ síwájú ọkọ̀. Òpó irin yẹn dúró ní ìhòòhò. Okùn ò sí, kókó ò sí, ìdákọ̀ró ti wà nísàlẹ̀ òkun tòun ti gbogbo okùn tuntun wa.

"Daddy!" ni mo pariwo, bí ẹni pé inú yàrá ló wà.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ Àyátúl Kúrúsíyù. Ìbẹ̀rù mú mi débi pé nígbà tí mo dé àárín, mo bá ara mi nínú súrà mìíràn tí mi ò tilẹ̀ mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rántí fóònù. Ọlọ́run ṣe é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà díẹ̀. Mo pe ọkọ mi. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́yìn mi, lábẹ́ ìrọ̀rí, níbi tó gbé e sí kí iyanrìn má bàa wọ inú rẹ̀. Mo jẹ́ kó dún títí. Mi ò mọ ẹni tí mo rò pé ó máa gbé e. Mo pe Àna Obìnrin, tirẹ̀ wà lórí tábìlì kíṣìnnì. Ti Àna Ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo lè pè ló fi fóònù sílẹ̀ fún mi ṣọ́.

Mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí í jẹ́ kéèyàn léfòó. Mo wò ó pé ọ̀kan kò tó, mo wọ èkejì lé e. Ni mi ò bá lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá sí ibi tí wíìlì wà. Mo há síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì nílẹ̀ tàbí lókè, n kò lè sọ, kí n tó rí èkejì bọ́.

Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì. Ní ọjọ́ kìíní, Àna Ọkùnrin ti fi ibi tí a ó tẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ hàn wá. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ohun tí mo máa ń sọ lójoojúmọ́ fún ọ̀gá wa tó ń darí bọ́ọ̀sì.

"Controller, controller, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìṣòro lójú ọ̀nà."

Ohùn obìnrin àgbà kan dáhùn, ohùn àwọn ará erékùṣù náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta nìyẹn o? Èmi kì í ṣe controller, ọmọ mi. Inú ọkọ̀ mi ni mo wà, mò ń se ọbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo rò ó fún un láìmí. Ó ní, "Ó dáa. Ibo lo wà báyìí?"

Mo ní, "Mo wà lẹ́yìn kíṣìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì."

Mo gbọ́ tó fi ṣíbí kan ìkòkò. "Rárá," ló wí. "Ibo ni ọkọ̀ wà?"

Mo sọ orúkọ èbúté tí a ti ra okùn, mo sọ bí erékùṣù náà ṣe rí. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ní ibi tí òun wà jìnnà, òun máa pe àwọn aláàbò etí òkun fún mi, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kí wọ́n tó dé. "Ṣé o ti wa ọkọ̀ rí?"

"Ọdún mẹ́rìnlá," ni mo wí.

"Alábùkún! Irú ọkọ̀ wo?"

"Bọ́ọ̀sì."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Ó dáa," ló wí. "Wíìlì náà ni wíìlì. Ṣé okùn kankan wà nínú omi tó lè wé mọ́ ẹ́ńjìnnì?"

"Okùn ni ìṣòro wa, mà. Kò sí okùn níbikíbi."

Kí n tó tan ẹ́ńjìnnì, mo yẹ ọkọ̀ wò. N ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Fún ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń yí bọ́ọ̀sì ká kí n tó wà á, láti wo táyà, láti wo iná, láti wo gíláàsì. Ẹ̀rù ń bà mí, ọkọ̀ ń gbé mi lọ sí ibi tí mi ò mọ̀, mo sì ń yí i ká, mò ń wo dígí fèrèsé bóyá ó fọ́. Ó mú ọkàn mi balẹ̀. Mo padà dé ìdí wíìlì. Mo yí kọ́kọ́rọ́ bí mo ṣe rí i tí Àna Ọkùnrin ń yí i. Ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbà.

"Ti irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì síwájú díẹ̀," ni ìyá orí rédíò wí. "Díẹ̀ ni mo wí o. Wo omi. Níbi tó bá ti dúdú bí aró, ibẹ̀ ni kí o gbà. Bó bá pọ́n bíi tíì, òkúta wà lábẹ́, sá fún un."

Mo yí wíìlì. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo tún un yí. Lẹ́yìn ìgbà tí mo ti rò pé ó ti bàjẹ́, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sì dáwọ́ dúró, a yí kọjá erékùṣù, a tún padà kọjú sí òkun. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tí mo yípo kí n tó mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ dá wíìlì padà kó tó dé ibi tó ń lọ. Àwọn tó wà létí òkun, bí mo ṣe gbọ́ lẹ́yìn náà, rò pé mò ń fi ọkọ̀ ṣeré.

Bí mo ṣe ń sún mọ́ wọn, mo rí wọn. Wọn ò dúró sórí iyanrìn mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ ọkọ̀ rọ́bà, wọ́n ń bọ̀ wá gbà mí là. Epo ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti tán, àjẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Àna Ọkùnrin ń fi àjẹ̀ wa omi ní apá ọ̀tún, ọkọ mi ń fi ìdérí ìkòkò wa omi ní apá òsì, ọkọ̀ rọ́bà sì ń yípo bí òkòtó. Àna Obìnrin jókòó sáàárín, ó gbá ìkòkò ẹja mọ́ra.

"Mo ti rí wọn," ni mo wí sínú rédíò. "Níbo ni bíréèkì wà?"

"Bíréèkì kẹ̀? Ọkọ̀ ojú omi ò ní bíréèkì, ọmọ mi."

Ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kọjá wọn. Mo ń wò wọ́n bí mo ṣe ń kọjá, a tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bọ ara wa lọ́wọ́.

"Mummy!" ni ọkọ mi ké, ó ń fi ìdérí ìkòkò juwọ́. "Mummy, àwa nìyí!"

Ní ọdún mẹ́rìnlá yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti fi sílẹ̀ ní ìdúró ọkọ̀ tí wọ́n ń ju ọwọ́ sí mi. N kò rò ó rí pé ọkọ mi máa wà lára wọn.

Ìyá orí rédíò ní kí n yí padà, kí n fa irin náà sáàárín nígbà tí ọ̀nà bá ṣì jìn, kí n sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jẹ́jẹ́. Ó ní òun máa sọ fún àwọn aláàbò kí wọ́n padà, pé ọbẹ̀ òun sì ti fẹ́ jóná, kí n máa ṣọ́ra. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ojú rẹ̀ títí di òní. Mo máa ń ṣàdúrà fún un.

Àna Obìnrin ló kọ́kọ́ gòkè. Ó dì mọ́ mi, ìkòkò ẹja wà láàárín wa. Àna Ọkùnrin gòkè tẹ̀lé e. Nígbà tó kan ọkọ mi, mo dúró sẹ́nu ibi tí wọ́n ń gbà gòkè.

"Daddy, kókó wo lẹ so?"

"Jẹ́ kí n gòkè ná."

"Kókó wo ni?"

"Kò sí ohun tó ṣe kókó yẹn," ló wí láti inú ọkọ̀ rọ́bà, omi ń kán lára rẹ̀. "Okùn ni kò dáa. Okùn tí wọ́n ń ṣe lóde òní, ó ń yọ̀."

"Ṣé ẹ ní bí erin bá fà á kò lè tú?"

"Erin!" ni ọkọ mi wí. "Ṣé erin ló fà á ni? Òkun ló fà á!"

Àna Obìnrin, tí a ò tíì túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún, wo ojú rẹ̀, ó wo ìdérí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Bí Àna Ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn náà èmi, ẹ̀rín tó ní omijé nínú. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè gòkè.

A ò ní ìdákọ̀ró mọ́, a ò sì lè dúró níbikíbi, ni a bá lọ so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Àna Ọkùnrin ló so ó, a ò fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kejì, apẹja kan bá wa lọ síbẹ̀, ó mòòkùn sínú omi bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bá wa gbé ìdákọ̀ró jáde tòun ti okùn. Orí okùn náà mọ́ tónítóní, kò já, kò gbó. Ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ rí i," ló wí. "Ó ń yọ̀."

Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí a bá fẹ́ wọ èbúté tó há, ẹ̀yìn máa ń dun Àna Ọkùnrin. Á ní kí n jọ̀ọ́ bá òun di wíìlì mú díẹ̀. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹfà, mo ti ń gba àárín ọkọ̀ olówó méjì kọjá, àwọn òyìnbó inú wọn á sì dìde dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, wọ́n á máa wò mí. Mi ò kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti fi bọ́ọ̀sì alájà méjì yà ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, èbúté ò tóbi lójú rẹ̀.

A padà sí Peckham, òtútù ṣì wà. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní mọ́sáláṣí, mo gbọ́ tí ọkọ mi ń rò ó fún àwọn ọkùnrin. Ní ìgbà àkọ́kọ́, atẹ́gùn díẹ̀ ló fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìjì ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń pín oúnjẹ, mo gbọ́ tí ẹja ńlá kan gé okùn jẹ. Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní hospital ní Camberwell yí sí mi, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni, Mummy? Ẹja?" Mo ní kó bu mọ́ín-mọ́ín sí i. Inú ń bí mi díẹ̀, kí n sọ òótọ́. Mo ń wí lọ́kàn mi pé, ó kéré tán, kí ọkọ mi rántí pé èmi ni mo wà nínú ọkọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Àna Obìnrin wá kí mi lọ́sàn-án, àwa méjèèjì nìkan la wà ní kíṣìnnì. Mo ń ṣẹ̀fẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹja náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fa àga sún mọ́ mi.

"Ó ní kí n má sọ fún yín," ló wí. "Ìgbà tí a kọ́kọ́ rí i pé ọkọ̀ ń lọ, ọkọ mi sáré lọ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rọ́bà. Ọkọ yín ò dúró. Ó wọ omi tòun ti aṣọ, tòun ti bàtà."

"Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́," ni mo wí. "Kò tilẹ̀ lè léfòó."

"Mo mọ̀. Omi ti dé ọrùn rẹ̀ kí n tó bá a. Ṣòkòtò rẹ̀ ni mo dì mú. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún dì í mú níbòmíràn. Mo ní kó padà, kò gbọ́. Ó kàn ń pariwo orúkọ kan, mi ò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe Mummy."

Mo ní kó pe orúkọ náà bó ṣe rántí rẹ̀. Ó pè é bó ṣe lè pè é, díẹ̀ ló kù kó pè é gẹ́lẹ́. Orúkọ mi ni, èyí tí ìyá mi sọ mí. Láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa, ọkọ mi ò pè é mọ́.

Nígbà tó lọ, mo wọ pálọ̀. Ọkọ mi dúró ti pátákó ìlọṣọ, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀la, kọ́là rẹ̀ ti rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?" ló wí.

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ lọ jókòó."

Kò lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí bí mo ṣe ń na kọ́là náà, mo sì lọ ṣẹ́ẹ̀tì márààrún tó wà nínú agbọ̀n.